Àsìkò Tí Àwọn Ìyàwó Kékeré Ń Lọ Kí Ìyá Wọn

Fadá wa béèrè lọ́wọ́ àwa ọmọdé nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ pé kí ni Avent, èyí tí àwọn àgbà ìjọ ń pè ní àsìkò Bíbọ̀ Olúwa. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Àsìkò tí ìyá mi kékeré ń lọ sí Tchaada ni." Òyìnbó ni fadá, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ dákẹ́" lọ, nítorí náà ó yíjú sí katekísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wa, pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Katekísì kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ní Faransé pé ọmọ yìí ní àsìkò tí a ń fi sùúrù dúró de Olúwa ni. Inú fadá dùn. Ó fún mi ní àwòrán Màríà kékeré kan, ó sì fọwọ́ pa mí lórí. Èmi rò pé ìdáhùn mi ló gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn náà kò kúkú burú. Ní Ifangni, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí òmìnira dé, tí àsíá Dàhòmẹ̀ ṣì ń dán lórí òpó níwájú ilé-ìwé, ojú ọ̀nà la ti ń mọ̀ pé Avent ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi aṣọ elésè àlùkò bo pẹpẹ, wọn ò ní kọ orin Ògo mọ́, wọn ò sì ní to òdòdó síbì kankan. Lóde, àwọn ìyàwó kékeré á gbé ẹrù karí, wọ́n á máa lọ kí ìyá wọn. Ọ̀kan ń lọ sí Daagbé, òmíràn ń sọdá ibodè lọ sí Nàìjíríà, tiwa ń lọ sí Tchaada. Bí àjèjì bá dúró ní ìkóríta lọ́jọ́ náà, á rò pé ìyá gbogbo wọn ló dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Fadá kì í gbé ọ̀dọ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ ló ti ń wá. Avent ló máa ń fi ṣe ìbẹ̀wò, tí yóò máa wọ ilé dé ilé, tí yóò máa wọ́n omi mímọ́ sí yàrá. Ọkùnrin tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ìrìbọmi, tí fadá bá bá ìyàwó méjì nílé rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa rò ó, wọ́n sì rí i pé ó sàn kí ilé dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ju kí kíláàsì dín kù lọ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ó ti di àṣà, àwọn obìnrin fúnra wọn á sì máa sọ lọ́jà pé Avent ti sún mọ́, àwọn ò tíì ra ọṣẹ tí àwọn máa mú lọ sílé.

Bàbá mi ni télọ̀ ìjọ. Òun ló rán aṣọ elésè àlùkò orí pẹpẹ náà. Ìyá mi ni ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣèrìbọmi láti ìgbà ọmọge, ó sì ń gba Ara Olúwa. Ìyá mi kékeré kò bímọ. Mùsùlùmí ni àwọn ará ilé rẹ̀, àgbẹ̀ sì ni wọ́n ní Tchaada. Nítorí pé ó bá mi nílé nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, kò pe orúkọ mi rí; Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí. Mi ò tíì máa rìn nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n yan ọ̀kan nínú àwọn ìyá mi méjèèjì, ojú ì bá ti ìyá tó bí mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ni ojú bọ́tìnnì. Bàbá mi á tẹ máṣíìnì, òun á fọwọ́ rán ojú bọ́tìnnì sí aṣọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìwojú ẹnikẹ́ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Avent gan-an ni gbogbo ayé ń rán aṣọ Noẹ́lì. Ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ ni ẹni tó ń ṣe é kì í sí nílé. Bàbá mi dán an wò fúnra rẹ̀ lọ́dún kan, ojú bọ́tìnnì náà sì fẹ̀ débi pé bọ́tìnnì méjì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìjọ wa fi ń fi pínnì so àyà aṣọ lọ́jọ́ ọdún. Fadá rò pé bí wọ́n ṣe ń múra ní Ifangni nìyẹn.

Ní ti ìyá mi, Avent dùn mọ́ ọn, ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, á máa kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀, á se ohun tó wù ú, á jókòó síbi tó wù ú. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn orogún lójoojúmọ́, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n gàrí ni ìyá mi ń ṣe tà, gàrí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí ẹ̀gẹ́ tí kò tíì bó bá kún ẹ̀yìnkùlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ti máa bi àwọn tó ń bọ̀ láti Tchaada léèrè pé ṣé wọ́n rí orogún òun, ṣé ó ń jẹun dáadáa.

Fadá á dé. Á mu omi, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní kí katekísì bi bàbá mi pé obìnrin mélòó ló wà nílé yìí. Bàbá mi kì í purọ́. "Ẹni tí ẹ ń wò yìí náà ni, mon père," ni yóò wí. Òótọ́ sì ni, kò sí ẹlòmíràn tí èèyàn lè rí. Fadá á gbàdúrà, á wọ́n omi mímọ́, á kọjá sí ilé kejì, níbi tí ọkùnrin mìíràn ti wẹ̀, tó ti wọṣọ, tó ń dúró de ìbéèrè kan náà.

Katekísì mọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ìlú ni, ó mọ ìyàwó ta ló lọ síbo. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sọ fún fadá. Síbẹ̀, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò lè jẹ́ kí wọ́n da omi ìrìbọmi sórí olóbìnrin méjì. Ọgbọ́n tó dá ni pé níbi ìdánwò, nígbà tí ọdún bá ku fẹ́ẹ́fẹ́, ó máa ń bi irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn. Ó bi bàbá mi lọ́dún kan pé kí ni àwọn áńgẹ́lì ń ṣe kí Ọlọ́run tó dá ayé. Bàbá mi ronú títí. Ó ní bóyá wọ́n ń sinmi sílẹ̀ de iṣẹ́. Katekísì ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Báyìí ni bàbá mi ṣe di àgbà kíláàsì ìrìbọmi, tó ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé òun ló rán aṣọ ìkómọ wọn.

Tí ọjọ́ àwọn Amòye bá ti kọjá, tí fadá sì ti padà sí Àjàṣẹ́, ìyá mi kékeré á gbé ẹrù rẹ̀ dé. Á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á kúnlẹ̀ kí ìyá mi, á kí bàbá mi, á sì jókòó ti aṣọ tó ti kó jọ. Èmi á fò mọ́ ọn lọ́rùn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, bó ṣe máa ń lọ náà ló lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì Avent, ọkùnrin aláta kan tó ń bọ̀ láti Tchaada dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi kékeré rán òun sí bàbá mi, pé kó má wulẹ̀ retí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ó ní ìyàwó náà sọ pé òun kò padà mọ́, àti pé ọkùnrin kan tilẹ̀ ti ń wá kí i.

Bàbá mi ní kó ṣeun. Ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Òwú ti já kúrò lójú abẹ́rẹ́, kò mọ̀. Ó rán odidi apá aṣọ kan láìsí òwú nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí katekísì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó káàánú bàbá mi, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ohun tí a ti ń ṣe bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún yìí wá, ó ti wá rí bẹ́ẹ̀: ìyàwó kan ṣoṣo ló kù nílé. Nígbà tí ìdánwò dé, ó dojú kọ bàbá mi níwájú fadá, ó ní, "Ta ló dá ọ?"

Gbogbo kíláàsì yíjú. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ tí kò tíì ká eyín ni. Bàbá mi ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dà bíi pé ó ń wá ọ̀nà tí kò fi ní mọ̀ ọ́n.

"Ọlọ́run ni," ó wí.

Fadá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ Noẹ́lì, níbi Mísà òwúrọ̀, wọ́n máa ṣèrìbọmi fún un. Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire lójú ọ̀nà, ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń bá kẹ́dùn. Inú bí mi. Mo bínú sí bàbá mi, mo bínú sí fadá, mo sì bínú díẹ̀ sí Jésù pàápàá, nítorí lójú mi, bíbọ̀ rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá mi bu gàrí sínú àpò kékeré, ó ní kí n wọ bàtà. A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tchaada nínú ọyẹ́, ètè mi ya, mi ò sì sọ pé ó rẹ̀ mí, nítorí mo mọ ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kékeré gbà wá dáadáa. Ó fún wa lómi, ó tẹ́ ẹní fún wa, ó sì jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìyáálé," ó ní, "ẹ má bínú sí mi o. Àwa Mùsùlùmí, mẹ́rin ni wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Ṣùgbọ́n tí lèmọ́mù bá ń bọ̀ wá sílé, a kì í kó wọn pa mọ́."

Ìyá mi ní kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìyá mi kékeré jáde sí wa. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti fọn díẹ̀. Mo sáré dì mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kí n dúró síbẹ̀.

"Ta ló rán yín wá, ìyáálé mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní kí n wá mú ọ lọ sílé."

"Ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé mo rí yín." Ó ń fi ọwọ́ tún irun mi ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mò ń retí."

Ìyá mi ń wò ó.

"Jésù lẹ ní ẹ̀ ń dúró dè. Bon, ó dáa. Èmi náà, láti ọdún tí mo ti ń gbé ẹrù wá síbí, ẹnu ọ̀nà yìí ni mo máa ń jókòó sí, mo ń wo ojú ọ̀nà. Ẹnì kankan kò wá pè mí rí. Tí ọdún yín bá parí, èmi náà ni mo ń pe ara mi. Mo á di ẹrù mi, mo á gba àárín ọ̀pẹ, mo á ti ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olè. Ó ti sú mi. Ẹni tó ní kí n máa lọ, kó wá ní kí n máa bọ̀. Tí kò bá sì wá, kò burú, kó lọ ṣèrìbọmi rẹ̀. Mi ò ní ṣépè fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀, dákẹ́, kì í ṣe ìwọ," ṣùgbọ́n kò ní òun máa bá wa lọ.

À ń padà bọ̀, a ti ń wo òrùlé ìlú wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mi wá ní, "Òótọ́ ló sọ." A rìn díẹ̀ sí i. Ó ní, "Inú mi a máa dùn tó bá ti ń lọ, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rò ó débi kó máa wo ojú ọ̀nà." Kò bá mi sọ ọ́, ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

Nílé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Ó ní kí ẹ wá fúnra yín."

"Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́," ni bàbá mi wí.

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Kí lo wá ní kí n ṣe?"

"Mi ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́." Ó lọ sídìí gàrí rẹ̀.

Bàbá mi rán aṣọ funfun ìrìbọmi rẹ̀ parí. Ó lọ̀ ọ́, ó fi í kọ́ sára ògiri yàrá. Lálaalẹ́, tí a bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀, á sì kúrò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ẹ. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ó ti kọ́ gbogbo àdúrà tán, ó máa ń ka wọ́n sí máṣíìnì, ó sì máa ń dùn ún tí àwa yòókù bá dìde lọ síwájú pẹpẹ, tí òun á sì ṣẹ́ kù nìkan lórí bẹ́ǹṣì.

Òwúrọ̀ Noẹ́lì, ó jí, ó wẹ̀. Ó dúró níwájú aṣọ funfun náà. Lẹ́yìn náà ó wọ bùbá tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi bu omi fún un, ó mu ún tán, ó dá ife padà. "Ẹ rọra gùn ún o," ni ìyá mi wí, ó sì wọlé lọ wé gèlè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó tó àsìkò, katekísì pe àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi. Wọ́n jáde. Ó tún pe bàbá mi. Ó wo ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ó wo ẹnu ilẹ̀kùn, ó wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo pẹpẹ. Fadá ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Àwa tí a fi gbogbo Avent kọ́ bí a ṣe ń dúró, ìṣẹ́jú mélòó kan ni a fi lè dúró de bàbá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tchaada, ìyá mi kékeré ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ó ní òun ń wo ojú ọ̀nà, bí òun ti máa ń ṣe, òun rí kẹ̀kẹ́, òun kò gbà pé bàbá mi ni. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi kékeré nínú erùpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà bi í pé, "Ṣé títí di Avent tó ń bọ̀ ni?" Bàbá mi ní rárá, títí ayé ni. Ẹ̀gbọ́n náà ní kó dìde, kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bàbá mi kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kọjú sí i, eruku kún àyà rẹ̀, ó ní, "Mo wá pè ọ́." Ìyá mi kékeré ní òun wọlé lọ di ẹrù òun.

Àwa ti jáde ní Mísà nígbà tí wọ́n dé. Gbogbo ìjọ wà níta nínú aṣọ ọdún, fadá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Bàbá mi lè gba àárín ọ̀pẹ kó má bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ọ̀nà ńlá ló gbà, èyí tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án gangan, ìyá mi kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ru ẹrù. Ariwo ọdún rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń wo ìka ẹsẹ̀ ara wọn. Mo mọ ibi tí ìyàwó wọn wà.

Bàbá mi dúró. Ó ṣí fìlà. "Ẹ kú ọdún, mon père."

Fadá béèrè pé ta ni obìnrin yìí. Katekísì kò tíì la ẹnu tí bàbá mi fi ìwọ̀nba Faransé tó gbọ́ dáhùn fúnra rẹ̀ pé ìyàwó òun ni. Ojú fadá pọ́n. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó dùn ún. Ó ní bàbá mi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, pé kò sí àyè fún un mọ́ nínú kíláàsì. Bàbá mi ní òun mọ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ìyá mi kékeré tẹ orí ba lábẹ́ ẹrù, mo rí i pé ó ń wo ọ̀nà tó lè gbà kọjá. Ìgbà náà ni ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ara Olúwa, sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ó kọjá níwájú fadá. Ó gbé ẹrù náà kúrò lórí orogún rẹ̀, ó gbé e ka orí gèlè ọdún tirẹ̀.

"Káàbọ̀," ó wí, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. "A ti ń retí rẹ."